Igi Méjì Lẹ́yìn Fèrè

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo sọ ní Adó-Èkìtì nìyí, níbi ìpàdé àwa tí a fẹ́ràn àwo orin àtijọ́. Mo tún un kọ sílẹ̀ nítorí àwọn tí òjò dá dúró sílé lọ́jọ́ náà. Mo ti yọ àwàdà méjì tí kò yẹ kó dé etí ọmọdé kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí wọ́n tàn wá síbí pé iyán yóò wà, mo kí yín, ẹ kú ìjókòó. Iyán wà lóòótọ́, mo ti gbọ́ ìró odó lẹ́yìn ilé. Ṣùgbọ́n etí ni yóò kọ́kọ́ jẹun.

Ẹ wo àwo tí mo mú dání yìí. Kékeré ni, ó ní ihò ńlá láàárín, irú èyí tí à ń pè ní fọ́tì-fáìfù láyé ìjọ́sí. Háíláìfù Victor Olaiya, olórin tó ń fọn fèrè trumpet, ló wà nínú rẹ̀. Ike tí wọ́n fi ń dí ihò náà kó lè jókòó dáadáa lórí ẹ̀rọ ti sọnù láti ìgbà tí mo wà ní kékeré. Èyí tí ẹ̀ ń wò yìí, bàbá mi ló fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ lára ìdérí ike ọ̀dà. Kọ́bọ̀ kan tí mo lẹ̀ mọ́ orí apá ẹ̀rọ kì í ṣe ọ̀ṣọ́ o, òun ni kì í jẹ́ kí abẹ́rẹ́ máa fò. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí mo bá ti tan ẹ̀rọ yìí, ìyá mi àgbà á ní kí n gbé aláriwo náà jáde nínú ulé òun. Ẹ fetí sílẹ̀.

Mo gbé àwo náà sí i. Kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ.

Ó ti tán. Kí lẹ gbọ́? Bàbá ní fèrè ni. Ìyá wa lọ́hùn-ún ní ohùn rẹ̀ ló wọ àwọn lára. Ọmọbìnrin yìí ní gìtá. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò dárúkọ igi méjì tó ń kan ara wọn lábẹ́ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: kóń, kóń, kóló, kóń, kóń, kóló. Mo ti mọ̀ pé ẹ ò ní dárúkọ rẹ̀. Bí ọdún mẹ́wàá ni èmi náà fi gbọ́ àwo yìí kí n tó mọ̀ pé igi kankan wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ igi yẹn ló gbé mi wá síwájú yín lónìí, òun àti ọ̀rọ̀ àwọn tó máa ń dúró lẹ́yìn onífèrè.

Ẹ jẹ́ ká parí ìjà kan ná. Ìgbàkigbà tí wọ́n bá dárúkọ Victor Olaiya ní Èkìtì, ẹnìkan á ní, "Ọmọ wa ni." Ọmọ wa ni lóòótọ́. Ìjẹ̀ṣà-Iṣu, lọ́nà Ìkọ̀lé lọ́hùn-ún, ni bàbá rẹ̀ àti ìyá rẹ̀ ti wá. Ṣùgbọ́n Kàlàbá ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1930, òun sì ni ìkogún nínú ọmọ mẹ́rìnlélógún tí wọ́n bí nínú ẹbí náà. Èkó ló ti dòkìkí. Bí a bá fẹ́ gbà á lọ́wọ́ Kàlàbá àti Èkó, a ó jà pẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ olórin tó fi èdè Èkìtì gan-an kọrin, kó lọ gbọ́ Elémùré Ògúnyẹmí, ìyẹn sì di ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn.

Ohun tó mú kí n gbà pé ọmọ Èkìtì ni Olaiya ni ìyà tí ìwé fẹ́ fi jẹ ẹ́. Ní 1951, ó yege nínú ìdánwò ilé ìwé gíga, yunifásítì Howard ní Amẹ́ríkà sì gbà á láti wá kẹ́kọ̀ọ́ bí a ṣe ń ṣe afárá àti títì. Ó ní òun ò lọ. Fèrè ni òun fẹ́ máa fọn. Ẹ fojú inú wo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ilé ọmọ Èkìtì, àwa tí wọ́n máa ń sọ pé bí o bá ju òkúta lọ́jà wa, orí ọ̀jọ̀gbọ́n ni yóò bà. Inú àwọn òbí rẹ̀ kò dùn sí i rárá. Ta ni inú rẹ̀ á dùn?

Láti kékeré ló ti ń fọn àwọn fèrè ńláńlá tí àwọn báńdì ológun máa ń lò. Ó bá ẹgbẹ́ Sammy Akpabot ṣeré, ó sì wọ inú ẹgbẹ́ Bobby Benson. Ọmọ Ìkòròdú ni Benson, ó sì ti gbé ní ìlú òyìnbó. Lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹni tó bá pẹ́ dé ibi eré á sanwó ìtanràn, ẹni tí bàtà rẹ̀ kò bá dán kò ní gun orí pèpéle. Mo gbọ́ ìyẹn lẹ́nu àwọn àgbà olórin ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín rẹ̀ ló jẹ́ kí n gbà pé òótọ́ ni. Ní 1954, Olaiya dá tirẹ̀ sílẹ̀, ó pè é ní Cool Cats. Nígbà tí Ọbabìnrin Elizabeth Kejì wá sí Nàìjíríà ní 1956, ẹgbẹ́ yìí ni wọ́n mú pé kó wá ṣeré níbi ijó ìjọba. Àwọn náà ni wọ́n pè nígbà òmìnira ní 1960, àwọn náà ni wọ́n tún pè nígbà tí a di orílẹ̀-èdè aláàrẹ ní 1963. Fèrè lẹ́nu, áńkáṣíìfù funfun lọ́wọ́, bíi ti Louis Armstrong, onífèrè jáàsì Amẹ́ríkà. Áńkáṣíìfù yẹn ni gbogbo ènìyàn máa ń rántí. Ó máa fi nu ojú, ó máa fi júwe sí àwọn oníjó, ó máa fi sọ fún àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ pé ó tó kí wọ́n yí orin padà. Àwọn tó wà nínú agbo rò pé fáàrí ni.

Kí n tó jókòó, ẹnìkan ti bi mí léti pé ṣé háíláìfù ni mo fẹ́ sọ àbí jáàsì, nítorí jáàsì ni wọ́n kọ sínú ìwé ìpè. Mo mọ̀ pé ní Adó yìí, bí a bá ní jáàsì, ìlù òyìnbó tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì ló máa ń wá sí wa lọ́kàn. "Ta ló ń lu jáàsì lónìí?" Kò burú, a óò padà sídìí ìlù náà láìpẹ́. Ṣùgbọ́n jáàsì tí àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ ní ètò kan tó rọrùn láti mọ̀: gbogbo wọn á jọ gbé orin, lẹ́yìn náà ẹnì kọ̀ọ̀kan á bọ́ síwájú láti fi fèrè tirẹ̀ sọ tinú rẹ̀, lẹ́yìn náà wọn á tún jọ gbé e padà sílé. Ètò yẹn gan-an ni àwọn báńdì háíláìfù mú. Ohun tí wọn kò mú lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ni ohun tó wà nísàlẹ̀. Òkè rẹ̀ jáàsì, ìsàlẹ̀ rẹ̀ kóń-kóń-kóló. Nígbà tí Olaiya sì kó ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí àjọ̀dún jáàsì ní Czechoslovakia ní 1963, tó sọ orúkọ wọn di All Stars, kò sẹ́ni tó lé wọn padà pé ohun tí wọ́n gbé wá kì í ṣe jáàsì.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sídìí igi.

Ọmọkùnrin kan wà ní Èkó tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ nílé iṣẹ́ rédíò. Tony Allen lorúkọ rẹ̀, 1940 ni wọ́n bí i. Ó ti ń lọ sí ọmọ ogún ọdún kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìlù, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń kọ́ ara rẹ̀. Àwo Max Roach àti Art Blakey, àwọn onílù jáàsì Amẹ́ríkà, ló fi ṣe olùkọ́. Nígbà tí Olaiya gbà á sínú Cool Cats, kò fún un ní ìlù. Igi méjì ló kó lé e lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ agbo dùndún, ẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀, ìyáàlù ló ń kí olówó, ìyáàlù ni wọ́n ń lẹ owó mọ́ lórí. Ṣùgbọ́n gúdúgúdú tó rọ̀ sí ọrùn ẹni tó wà lẹ́yìn, ohun kan náà ló ń sọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Bó bá ṣìnà, ìyáàlù á máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ilẹ̀ yọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Igi méjì nínú háíláìfù, gúdúgúdú ni. Kò láyè láti dárà. Bí onífèrè bá wọ inú orin lọ tó gbàgbé ibi tó wà, igi yẹn ló máa gbọ́ láti fi mọ ọ̀nà àbọ̀. Bí àwọn oníjó bá ti mutí tó, igi yẹn ni ẹsẹ̀ wọn ń gbọ́ láìmọ̀. Alẹ́ ọjọ́ kan lè gba wákàtí mẹ́fà. Wákàtí mẹ́fà, kóń, kóń, kóló, o ò gbọdọ̀ yára, o ò gbọdọ̀ falẹ̀, o ò sì gbọdọ̀ jẹ́ kó sú ọ.

Mo rò pé ibẹ̀ ni Tony Allen ti kọ́ ìdajì ohun tí gbogbo ayé wá ń yìn ín fún lẹ́yìn náà. Èrò tèmi ni, n kò sọ pé òun ló sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí onílù Cool Cats lọ, òun ni wọ́n ní kó bọ́ sídìí ìlù. Ọmọ tó ti fi etí gbé igi kiri gbogbo òru kò tún nílò ẹni tó máa sọ fún un ibi tí orin wà.

Ṣáájú àkókò yìí, ọmọ Abẹ́òkúta kan tí orí rẹ̀ kunkun ti gba ibẹ̀ kọjá. J.K. Braimah, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló mú un dé ọ̀dọ̀ Olaiya, ó sì bá Cool Cats kọrin kó tó wọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1958 láti lọ kọ́ orin ní Trinity College. Fela ni. Nítorí náà, nígbà tí Fela dé láti Lọ́ńdọ̀nù ní 1963, tó ń wá ẹni tó lè lu jáàsì fún un, tó sì pàdé Tony Allen ní 1964, àwọn méjèèjì ti jẹun nínú ìkòkò kan náà rí, àsìkò tí wọ́n gbé àwo wá ni kò papọ̀. Ẹgbẹ́ kékeré tó ń lu jáàsì gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ dá. Jáàsì kò mówó wọlé, wọ́n bá padà sí háíláìfù lábẹ́ orúkọ Koola Lobitos, kó tó wá di Africa 70. Bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n fi jọ wà. Àwo tí wọ́n jọ ṣe lé ní ọgbọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ṣàlàyé, nítorí gbogbo ènìyàn ló ń sọ pé Tony Allen mọ ìlù lù, kì í sì í sí ẹni tó ń sọ bó ṣe mọ̀ ọ́n. [Níbí ni mo ti jókòó sídìí ìlù tí wọ́n bá mi yá. N kì í ṣe onílù o. Àwọn tó wà níjókòó mọ̀ kíákíá.] Nínú agbo dùndún, ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún ló máa pín iṣẹ́. Nídìí ìlù òyìnbó, ẹnì kan ni yóò jẹ́ gbogbo wọn. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń lu ìlù ńlá tó wà nílẹ̀, ẹsẹ̀ òsì ló ń ṣí idẹ méjì tó dojú kọra, tó ń pa wọ́n dé, ọwọ́ méjèèjì ló pín ìyókù. Ọ̀pọ̀ onílù háíláìfù nígbà yẹn kò ka idẹ méjì yẹn sí. Tony Allen ka ohun tí Max Roach kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn orin kan, ó bá lọ jókòó tì í títí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ fi lè sọ tirẹ̀ láìbá ọwọ́ jà. Ẹ wá fetí sí àwo Fela èyíkéyìí láti àárín àwọn ọdún 1970. Ẹ má gbọ́ Fela. Mo mọ̀ pé ó nira. Ẹ gbọ́ bí ẹsẹ̀ àti ọwọ́ mẹ́rin yẹn ṣe ń fún ara wọn láyè, tí kò sí èyí tó ń ti èkejì. Lẹ́yìn náà, ẹ tún sọ̀ kalẹ̀ sí i. Igi wà níbẹ̀. Nínú Africa 70, ẹnìkan wà tó jẹ́ pé igi ni iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ ò rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe yí po.

Ohun kan wà nípa àwo fúnra rẹ̀ tí a kì í ronú sí. Àwo dúdú wúwo ti ìgbà àtijọ́, èyí tó ń sáré kiri ní ẹ̀ẹ̀méjìdínlọ́gọ́rin ní ìṣẹ́jú kan, kò lè gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lójú kan. Fọ́tì-fáìfù náà kò fi bẹ́ẹ̀ jù ú lọ. Ohun tí Olaiya àti ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń nà fún ogún ìṣẹ́jú nínú gbọ̀ngàn ijó, tí ọkọ á jó tì tí ìyàwó á gbà á, wọ́n gbọdọ̀ ká a kó gba inú ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ìdí nìyẹn tí fèrè fi máa ń yára wọlé, tí ẹnì kan ṣoṣo fi máa ń ráyè dárà, tí ìyókù á sì dúró sílé. Nígbà tí àwo ńlá dé, tí ojú kan lè gba bí ogún ìṣẹ́jú, Fela fi orin kan ṣoṣo kún ojú kan. Kì í ṣe pé àwọn ti Fela mọ ọ̀rọ̀ sọ ju àwọn ti Olaiya lọ. Àyè ni wọ́n rí. Mo máa ń bá àwọn ọmọ mi jà lórí èyí, wọ́n ní háíláìfù kéré. Mo ní àwo ló kéré.

Ohun mìíràn tí àwo kò gbà ni orúkọ. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo kó àwo méje lọ síbi ilé iṣẹ́ kan, n kò ní dárúkọ wọn, tí wọ́n ní àwọn yóò bá mi kọ ohùn inú rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Ọ̀la ń gorí ọ̀la. Nígbà tó di oṣù karùn-ún, mo lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà wọn. Mẹ́rin ló padà sọ́wọ́ mi. Ọ̀kan nínú mẹ́rin náà, ẹ gbé e lọ́wọ́ síra yín, òun nìyí. Wọ́n ti fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ lójú oòrùn, ó sì ti wọ́ bíi páànù òrùlé. Kò sí abẹ́rẹ́ tó lè gun un mọ́. Ìbínú ni mo fi ń wò ó lálẹ́ ọjọ́ náà, mo gbé dígí sí bébà roboto tó wà láàárín rẹ̀. Orúkọ orin wà níbẹ̀. Orúkọ Victor Olaiya wà níbẹ̀. Orúkọ ẹgbẹ́ wà, orúkọ ilé iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́ wà, nọ́ńbà rẹ̀ wà. Orúkọ onílù kò sí. Orúkọ onígìtá kò sí. Ẹ ò ní bi mí nípa ti onígi.

Ọ̀pọ̀ àwo ìgbà yẹn ló rí báyìí. Nítorí náà, bí ẹ bá ní bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n tó bá báńdì ṣeré rí, ẹ mú bírò, ẹ jókòó tì wọ́n lónìí, kí wọ́n dárúkọ ẹni tó wà lápá ọ̀tún àti ẹni tó wà lápá òsì wọn. Ẹ má dúró dìgbà tí wọn yóò gbàgbé.

Àwọn ohun tó tóbi ju àwo lọ náà ń lọ. Ilé Ìlọ́jọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tinúbú ní Èkó, ilé ẹbí Olaiya ni. Àwọn Àgùdà, àwọn tó ti oko ẹrú Brazil padà wálé, ló kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀, láti 1855, pẹ̀lú fèrèsé oníkọ̀rọ̀ àti ọ̀nà títẹ̀. Bàbá Olaiya ló rà á ní 1933. Ìjọba sọ ọ́ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956, ọdún yẹn kan náà tí ọmọ ilé ń fọn fèrè fún Ọbabìnrin. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Ọjọ́ kan ni wọ́n fi wó o. Mo ti dé ibẹ̀ rí kí wọ́n tó wó o, n kò sì ya fọ́tò, mo ní màá padà wá.

Ó kù ẹnì kan tí mo gbọdọ̀ mẹ́nu bà kí iyán yín tó tutù.

Ẹ̀gbọ́n wà fún Olaiya ní Gánà. E.T. Mensah ni, 1919 ni wọ́n bí i, iṣẹ́ apoògùn ló kọ́, fèrè ló sì sọ ọ́ di olókìkí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Tempos, bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí Nàìjíríà. Ijó àwọn òyìnbó, wọ́ọ̀sì àti ìyókù rẹ̀, ni ọ̀pọ̀ báńdì wa gbájú mọ́ nígbà yẹn. Mensah dé, ó fi han àwọn ará Èkó pé a lè wọ kóòtù, ká fọn fèrè dídán, kí ìsàlẹ̀ orin sì jẹ́ tiwa. Olaiya wà lára àwọn tó fetí sí i. Ẹ má gbàgbé pé ìgbà tí òkìkí àwọn méjèèjì ń kàn, wọ́n lè di orogún. Ọjà kan náà ni wọ́n ń ná, fèrè kan náà ni wọ́n ń fọn.

Dípò bẹ́ẹ̀, ní 1983, lẹ́yìn bí ọgbọ̀n ọdún, tí gbogbo ayé ti fi háíláìfù sílẹ̀ tẹ̀lé jùjú, fújì àti dísíkò, wọ́n jọ ṣe àwo kan, wọ́n pè é ní Highlife Giants of Africa. Mensah ti lé ní ọgọ́ta, Olaiya ti lé ní àádọ́ta. Ẹni tó bá mọ fèrè trumpet yóò mọ ohun tí ọjọ́ orí ń ṣe. Ètè ni fèrè yẹn. Idẹ mẹ́ta tí à ń tẹ̀ yẹn kò tó nǹkan, ètè àti èémí ló ń mú ohùn jáde, ètè sì máa ń rẹ àgbà bí orúnkún ṣe máa ń rẹ̀ ẹ́. Èmi tiẹ̀ rò pé ìlù inú àwo náà mọ́ jù, bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, kò ní eruku gbọ̀ngàn ijó lára. Ṣùgbọ́n ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ẹ gbọ́ bí àwọn àgbà méjì yìí kò ṣe bá ara wọn du ọ̀rọ̀. Bí ọ̀kan bá sọ gbólóhùn kan, á gbé ẹnu kúrò, á mí. Èkejì á gbà á níbi tó já a sí, kò ní ga jù ú lọ kí wọ́n lè sọ pé òun ló mọ̀ ọ́n jù. Nígbà mìíràn wọn á jọ fọn ohùn kan náà, á sì yà díẹ̀, ìwọ̀nba bí irun orí, ibẹ̀ ni wàá ti mọ̀ pé ènìyàn méjì ni. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún kò lè fọn fèrè báyẹn. Á fẹ́ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ òun.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin náà mọ Olaiya, ẹ kàn lè má mọ̀ pé ẹ mọ̀ ọ́n. Ní 2013, nígbà tó ti pé ẹni ọdún 82, òun àti 2face Idibia tún "Baby Jowo" gbé jáde. [Ọmọkùnrin kan lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. A jẹ́ kó kọ ọ́ tán.] Títí dọjọ́ ogbó rẹ̀, ó ṣì ń ṣeré ní Stadium Hotel rẹ̀ ní Sùúrùlérè, áńkáṣíìfù funfun náà kò sì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó kú ní ọjọ́ 12 oṣù Kejì 2020. Ọjọ́ 78 lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin, Tony Allen kú ní Paris. Àìsàn kòrónà ti ti gbogbo ilẹ̀ pa nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ wa kò tiẹ̀ ráyè so ikú méjèèjì pọ̀. Ní oṣù Kẹta, láàárín ikú àwọn méjèèjì, àwo kan jáde tí wọ́n pè ní Rejoice. Tony Allen ló wà nídìí ìlù. Ẹni tó ń fọn fèrè níbẹ̀ ni Hugh Masekela, ọmọ South Africa, tó ti kú láti 2018. Ní 2010 ni wọ́n ti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì wà nínú àpótí fún ọdún bíi mẹ́sàn-án kí wọ́n tó parí rẹ̀. Tí ẹ bá délé, ẹ wá a lórí fóònù yín. Kò sí ariwo nínú rẹ̀. Onífèrè kan ló wà níwájú, ọkùnrin kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń fi ilẹ̀ sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn fèrè ọmọ Ìjẹ̀ṣà-Iṣu.

Ọ̀rọ̀ mi tán síbẹ̀. Ìbéèrè tí wọ́n bi mí pọ̀, n kò lè kọ gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá kan dìde láti ẹ̀yìn pátápátá, wọn kò sọ̀rọ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní àwọn kò ní ìbéèrè, àtúnṣe làwọn ní. Wọ́n ní mo di igi náà mú bí ẹni tó fẹ́ fi na ewúrẹ́. Wọ́n rọra rìn wá síwájú, wọ́n gba igi lọ́wọ́ mi, wọ́n ká ìka ọwọ́ òsì bí ẹni tó fẹ́ bu omi, wọ́n gbé igi kan lé e láìdì í mú, wọ́n wá fi èkejì kàn án. Ohùn tó jáde kò jọ tèmi rárá. Ó dún dé ibi odó.

Wọ́n ní àwọn bá báńdì kan ṣeré ní apá Ìkọ̀lé nígbà tí àwọn wà lọ́dọ̀ọ́, igi ni wọ́n fún àwọn. Ṣílè mẹ́ta ni wọ́n ń san fún àwọn lálẹ́ ọjọ́ kan, onífèrè ń gba mẹ́wàá.

Mo bi wọ́n pé ṣé kò dùn wọ́n.

Wọ́n ní, "Kí ló máa dùn mí sí? Onífèrè ló ń ra ọtí."